Ẹran Sísun Àwọn Ará Kòríà: Oúnjẹ Tí Kì í Ṣe Ti Ẹnì Kan

Àwọn kan nínú yín ti bi mí pé kí ni mo jẹ ní Koreatown, ní Los Angeles, tí n kò yé ròyìn rẹ̀. Ó dáa, ẹ gbọ́.

Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́fà yí tábìlì kan ká, iná wà láàrin rẹ̀ gan-an. Iye kan ni kálukú san, ká jẹ títí a ó fi yó. Àmọ́ àjẹyó náà lófin: wọ́n dá àkókò fún wa, ẹni tó bá sì jẹ ẹran kù máa sanwó lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa bèèrè.

Samgyeopsal, ẹran ikùn ẹlẹ́dẹ̀, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sun. Galbi, egungun ìhà màlúù tí wọ́n ti rẹ sínú omi sóyà àti ṣúgà, ló ń kẹ́yìn, torí ṣúgà máa ń jóná mọ́ irin. Àlùmọ́gàjí ni wọ́n fi ń gé ẹran. Ewé létúùsì ni wọ́n fi ń wé e pẹ̀lú aáyù. Kimchi, kábéèjì oníyọ̀ àti ata tó ti kan bí ògì, ló ń gé ọ̀rá náà.

Ní Kòríà, àgbà ló ń kọ́kọ́ jẹ, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n sì fi ń bu ọtí fún un. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ibẹ̀ kì í ta ẹran yìí tí kò bá tó ti ẹni méjì. Ọ̀kan nínú wa, tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, ni gbogbo wa ń yí ẹran fún. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń dá jẹun.

Ṣé ẹ mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ládùúgbò yín? Ẹ pè é wá jẹun.