Ẹ má ṣe gba iṣẹ́ sọ́fítíwià ìjọba lódidi

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló gbà pé bí ìwé àdéhùn bá ṣe nípọn tó ni ọkàn àwọn yóò ṣe balẹ̀ tó. Lórí iṣẹ́ sọ́fítíwià, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo FBI, àjọ ọtẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé iṣẹ́ Virtual Case File jáde, kí kọ̀ǹpútà lè rọ́pò fáìlì bébà tí wọ́n ń kó ìwádìí sí. Ìwé tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sí lé ní 800 ojú ewé, síbẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ni wọ́n ń yí i padà. Lọ́dún 2005, wọ́n pa á tì. Nǹkan bíi mílíọ̀nù dọ́là 170 ló bá a lọ.

Lọ́dún 2006, wọ́n gbé òmíràn jáde, Sentinel. Òun náà ń falẹ̀, títí tí FBI fi gba àkóso rẹ̀ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe lọ́dún 2010, tí wọ́n sì lo ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Agile. Wọ́n to ohun tí wọ́n fẹ́ léra, èyí tó ṣe kókó jù lókè. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì méjì, wọ́n á ṣe díẹ̀, wọ́n á fi hàn, wọ́n á tún ìyókù tò. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ní oṣù keje ọdún 2012, Sentinel bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, owó rẹ̀ kò sì kọjá mílíọ̀nù dọ́là 451 tí wọ́n yà sọ́tọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ rí i pé nǹkan mẹ́ta wà nínú àdéhùn yín.

Àkọ́kọ́, kí ó sọ ìṣòro tí iṣẹ́ náà fẹ́ yanjú, àti bí a ó ṣe mọ̀ pé abala kọ̀ọ̀kan ti parí.

Èkejì, kí owó máa tẹ̀lé abala tó ti ń ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ kékeré tó yáwó san owó oṣù, tó wá ń dúró de owó ìparí, lè kógbá sílé kí iṣẹ́ tó parí.

Ẹ̀kẹta, kí ọ́fíìsì náà yan ẹnì kan tó láṣẹ láti pinnu. Bí ó bá fi ohun tuntun kún un, kí ó yọ èyí tó tó o kúrò, tàbí kí ó fowó kún owó.

Agile kò ní kí ẹ má kọ nǹkan sílẹ̀ o. Gbogbo àyípadà ni kí ẹ kọ, kí tọ̀tún tòsì sì bu ọwọ́ lù ú. Ìwé yẹn ni ẹ ó gbé síwájú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní àwọn kò béèrè ohun tí ẹ ṣe.