Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ohun tí fáírọ́ọ̀sì HPV ń ṣe kí jẹjẹrẹ tó dé

Ìbálòpọ̀ ló sábà máa ń gbé HPV káàkiri. Ọ̀pọ̀ tó ti ní in rí ni kò mọ̀, torí ara wọn lé e dànù láàárín ọdún kan sí méjì. Èyí tó bá kọ̀ tí kò lọ ni wàhálà, pàápàá irú 16 àti 18. Àwọn méjèèjì ló wà nídìí bí ìdá 70 nínú 100 jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ.

Sẹ́ẹ̀lì ara wa ní ẹ̀ṣọ́, lára wọn ni èròjà tí wọ́n ń pè ní p53 àti Rb. Bí àṣìṣe bá wọ inú àbùdá sẹ́ẹ̀lì, p53 á dá a dúró kó lè tún ara rẹ̀ ṣe, tàbí kó pa á. Rb ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pín láìnídìí. HPV á wá pèsè èròjà méjì: E6 ń ba p53 jẹ́, E7 ń mú Rb kúrò lọ́nà. Sẹ́ẹ̀lì á máa pín ṣáá, àṣìṣe á máa gorí àṣìṣe. Bó bá pẹ́, sẹ́ẹ̀lì á já kúrò lára ẹgbẹ́ rẹ̀, á gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró tàbí ẹ̀dọ̀.

Kí jẹjẹrẹ tó dé, ó sábà máa ń gba ọdún 15 sí 20, àmọ́ ó lè yá jù bẹ́ẹ̀ lára ẹni tó ní HIV tí kò lo oògùn. Nínú àkókò yẹn ni àyẹ̀wò ti lè rí sẹ́ẹ̀lì tó ti ń bàjẹ́, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ kó tó di jẹjẹrẹ.

October 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, lọ́fẹ̀ẹ́.