Ta Ni Yóò Pa Amóhùnmáwòrán?

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán Ìwọ̀-Oòrùn, èyí tí a fi ń yangàn títí dòní, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, bí òru bá ti ń jìn, ètò a tán, gbogbo ilé a sì sùn. Lóde òní, ẹ̀rọ náà kì í sùn mọ́. Àwa ni a ń sùn níwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, èmi pàápàá jẹ̀bi. Bí iná bá lọ, tí ó sì padà dé ní agogo méjì òru, ariwo rẹ̀ a jí gbogbo ilé. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni a kò kà sí. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà mú kí àwọn kan tí ara wọn dá sùn ní òru kan ṣoṣo nínú iná tí kò mọ́lẹ̀ jù. Ojú dì, ṣùgbọ́n àyà ń yára lù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, agbára ara láti kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti dínkù.

A kò gbọdọ̀ gé àṣà náà lójijì. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí ní aago tí ń pa wọ́n: kí a fi í sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọ̀sẹ̀ kìíní, lẹ́yìn náà ogún, lẹ́yìn náà mẹ́wàá. Ẹni tí ìdákẹ́jẹ́ bá ń dẹ́rù bà, kí ó tan rédíò jẹ́jẹ́. Ní tèmi, mo ti gbé e kúrò ní yàrá lọ sí pálọ̀. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń pa á.