Eré 1500 mítà obìnrin: ọgbọ́n pípín agbára, àti iṣẹ́ tó máa ń kù lẹ́yìn tí eré bá parí

Tí wọ́n bá ti dárúkọ eré sísá nílẹ̀ wa, eré àsápajúdé ló máa ń wá sọ́kàn wa, irú èyí tí Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá lọ́dún 2022 nígbà tó fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 gba àkọsílẹ̀ àgbáyé nínú 100 mítà tí wọ́n ti ń fo igi ìdènà. Níbẹ̀, bí ìbọn bá ti dún, ẹni ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ló ni ín. Ṣùgbọ́n ní 800 àti 1500 mítà, ẹni tó bá sáré àsápajúdé láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń rọra bọ̀ lẹ́yìn ló máa wá kí i kú iṣẹ́ lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò díẹ̀ là á yé ara wa. Ìyípo pápá kan jẹ́ 400 mítà. Ìyípo méjì ni 800. 1500 jẹ́ ìyípo mẹ́ta àti 300 mítà lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ 5 oṣù Keje ọdún 2025, Faith Kipyegon, ọmọ Kẹ́ńyà, sá 1500 mítà ní ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 48.68 nílùú Eugene, l'Amẹ́ríkà. Obìnrin kankan ò sá a tó bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú ọjọ́ náà. Tí a bá pín in, ìyípo kọ̀ọ̀kan bọ́ sí bíi ìṣẹ́jú-àáyá 61. Ọmọbìnrin iléèwé girama tó bá lè sá ìyípo kan ṣoṣo ní 61, gbogbo pápá ló máa pàtẹ́wọ́ fún un. Kipyegon sá mẹ́ta irú ẹ̀ léra wọn, kò dúró mí, ó tún wá fi 300 mítà lé e.

Pípín agbára ni pé kí eléré mọ iye tí ara rẹ̀ lè san ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Bó bá fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré yára ju bó ṣe yẹ lọ níbẹ̀rẹ̀, gbèsè ló jẹ, èlé orí ẹ̀ sì ga: ó lè fi mẹ́rin tàbí márùn-ún san án ní ìparí, nígbà tí itan bá ti le, tí apá ò fẹ́ gbé mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń wá àkọsílẹ̀ ní 1500 fi máa ń fẹ́ kí ìyípo wọn dọ́gba. 800 yàtọ̀ díẹ̀. Ìyípo àkọ́kọ́ ibẹ̀ sábà máa ń yá ju ìkejì lọ, torí eré ọ̀hún kúrú, gbogbo wọn sì ń jà fún àyè; ẹni tí wọ́n bá sé mọ́ inú ní 600 mítà, agbára tó fi pamọ́ ò wúlò fún un.

Olympics ló dùn mọ́ mi jù, torí wọn kì í háyà ẹnikẹ́ni láti sáré ṣíwájú níbẹ̀. Ní Rio lọ́dún 2016, ìyípo àkọ́kọ́ nínú àṣekágbá 1500 mítà obìnrin gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 76. Bí ẹni ń lọ sọ́jà! Kálukú ń ṣọ́ ẹnì kejì, kò sẹ́ni tó fẹ́ gba atẹ́gùn sójú fún ẹlòmíì. Genzebe Dibaba ti Ethiópíà, tí àkọsílẹ̀ àgbáyé wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, ló kọ́kọ́ fi kún eré. Kipyegon lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ó sì yà á sílẹ̀ nígbà tí òpin ti sún mọ́. Ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 8.92 ló fi gba wúrà. Ó tún gba ti Tokyo. Nígbà tó fi máa di Paris 2024, kíkankíkan ni wọ́n sá a látìgbà tí ìbọn ti dún, òun náà ló borí, ní 3:51.29. Ó lé ní ìṣẹ́jú-àáyá 17 tó wà láàárín eré ti Rio àti ti Paris. Ẹni tó lè sá eré ẹ̀tàn, tó tún lè sá eré agbára, ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Ní àwọn ìdíje olówó, wọ́n máa ń gba àwọn tí òyìnbó ń pè ní pacemaker, tí wọ́n á ṣíwájú fún bíi ìyípo méjì, tí wọ́n á sì yà kúrò. Iná kéékèèké tún wà létí pápá báyìí tó ń tàn tẹ̀léra níwọ̀n eré tí wọ́n bá ṣètò. Èyí tó kọjá gbogbo ẹ̀ ni ti 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025 ní Paris: ilé-iṣẹ́ Nike kó eléré 13, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, yí Kipyegon ká kí wọ́n lè gba atẹ́gùn fún un, kó lè sá máìlì kan, ìyẹn 1609 mítà, kí ìṣẹ́jú 4 tó pé. Ìyípo kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ 60. Ìyípo tó kẹ́yìn ló kọ̀ fún un. Ó lo ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 6 àti díẹ̀, wọn ò sì kà á sí àkọsílẹ̀. Èyí tó ní tẹ́lẹ̀ láìsí gbogbo èrò yẹn jẹ́ 4:07.64. Ní tèmi, ibi tí ìrànlọ́wọ́ ẹlòmíì lè gbé eléré dé ò jìnnà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn ẹ̀ ló sá 3:48.68 tí a sọ lókè.

Kí wá ni wọ́n ń ṣe láàárín eré kan sí èkejì? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí wọ́n bá ti ya fọ́tò tán, ó di ilé. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá kan, pàápàá l'Amẹ́ríkà, kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Eléré á sáré wọ́ọ́rọ́wọ́ fún bíi ogún ìṣẹ́jú, á mumi, á pààrọ̀ bàtà, á sì padà sórí pápá láti sá 200 mítà lẹ́ẹ̀mẹrin sí mẹ́fà, pẹ̀lú ìsinmi láàárín. Ìdí wọn ò ṣòro. Eré ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́rin gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kúrú; tí wọ́n bá fi iṣẹ́ kún un lọ́jọ́ náà, ọjọ́ tó tẹ̀ lé e á wà fún ìsinmi gidi. Ní ìdíje ńlá sì rèé, ìpele àkọ́kọ́, èyí tó kángun sí àṣekágbá, àti àṣekágbá fúnra rẹ̀, ọjọ́ mélòó kan ni gbogbo ẹ̀. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń sáré nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí nìyí. Ó rọrùn fún akọ́nimọ̀ọ́gbá tó rí irú iṣẹ́ yìí lórí fóònù láti gbé e ka orí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kò jẹun tó láàárọ̀. Àwọn àgbà eléré yẹn ní dókítà, wọ́n sì ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ ara wọn. Ara obìnrin tún ní ìṣirò tirẹ̀: nǹkan oṣù ń kó èròjà iron lọ, èyí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara, tí oúnjẹ ò bá sì tó iṣẹ́, nǹkan oṣù lè dáwọ́ dúró, eegun á bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Lọ́dún 2014, ìgbìmọ̀ Olympics àgbáyé fún ìṣòro yìí lórúkọ, RED-S. Àwọn kan ṣì ń rò pé bí nǹkan oṣù ọmọ bá dúró, àmì pé ó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni. Rárá o, ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ kí wọ́n mú un lọ.

Ọmọ iléèwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá 800 mítà tán, iṣẹ́ tó kù fún un ò ju kó sáré wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó mumi, kó rí oúnjẹ gidi pẹ̀lú ẹ̀wà tàbí ẹyin jẹ kí wákàtí kan tó kọjá, kó sì tètè sùn.