Ọrùn Ni, Kì Í Ṣe Ọ̀run

Ní sáà tó kọjá, ibà mú ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó sì ń bì ṣáá. Wọ́n fún un ní metoclopramide, oògùn tó ń dá èébì dúró. Lọ́jọ́ kejì, ọrùn rẹ̀ lọ́ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ yí sókè, ahọ́n rẹ̀ yọ síta. "Ọrùn mi" ló ń gbìyànjú láti sọ. Àwọn tó yí i ká ní "ọ̀run" ló ń wí. Ni wọ́n bá gbé òróró jáde, àdúrà bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọjá kíláàsì fónẹ́tíìkì mọ̀ pé ahọ́n la fi ń pe /r/, ṣùgbọ́n tán-án-ná ọ̀fun ló ń gbé ohùn jáde. Ohùn rẹ̀ ṣì pé. Etí tiwa ni ìbẹ̀rù dí.

Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló wọlé tó béèrè pé, "Oògùn wo lo lò láti àná?" Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn, kí wákàtí kan tó pé, ọrùn rẹ̀ ti padà sípò.

Dystonia ni wọ́n ń pè é. Èròjà kan wà nínú ọpọlọ, dopamine, tó ń bá wa darí bí iṣan ṣe ń le àti bí ó ṣe ń dẹ̀. Metoclopramide ń dínà mọ́ ọn kí èébì lè dáwọ́ dúró. Bí ó bá wá dínà náà mọ́ ọn níbi tí a kò rán an, iṣan á máa fa ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oògùn àìsàn ọpọlọ bíi haloperidol. Àwọn ọ̀dọ́ ló máa ń ṣe jù, láàárín ọjọ́ mélòó kan péré.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni tardive dyskinesia, tó máa ń yọjú lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún: ẹnu á máa jẹ ohun tí kò sí níbẹ̀, ahọ́n á máa yọ síta láìgbàṣẹ. Ó lè má lọ mọ́. Torí rẹ̀ ni àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fi pàṣẹ ní 2009 kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára metoclopramide, kí a má lò ó ju oṣù 3 lọ. Ní 2013, ti Yúróòpù ní ọjọ́ 5 ti tó. (Mi ò ní kí ẹni tó ń lo oògùn àìsàn ọpọlọ dá a dúró o, ìyẹn léwu tirẹ̀. Dókítà ni kí ẹ sọ fún.)

Mo wá orúkọ tí Yorùbá ń pe àìsàn yìí, n kò rí. "Wọ́n ti ṣe é" ni mo ń gbọ́. Ẹ wo olùwà gbólóhùn yẹn: "wọ́n". Bí a bá ti sọ ọ́ báyìí, èèyàn la ó máa wá, a ò ní wá ohun tí aláìsàn gbé mì.

Páálí oògùn náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a fi ń gbàdúrà. Nọ́ọ̀sì yẹn ló bẹ̀rẹ̀ mú un.