Nọ́ńbà Owó Orí: Ẹ Má Sanwó Fún Ẹnikẹ́ni Pé Ẹ Fẹ́ Rìníwù

 

Láti ìgbà tí a ti wọ ọdún 2026 ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn ní Otigba, ní Pẹ́púlù, títí dé Ọlá-Ayéní. Wọ́n ní nọ́ńbà owó orí gbogbo wa ti kú, pé ẹni tí kò bá tètè lọ rìníwù tirẹ̀, báǹkì yóò ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó ń ta ṣájà san ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà fún ọmọkùnrin kan tí ó gbé kọ̀ǹpútà sórí itan lábẹ́ agboòrùn. Bébà kan tí wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà kan sí ni ó gbà padà. Nígbà tí àwa wò ó, NIN rẹ̀ gan-an ni nọ́ńbà náà, èyí tí ó ti wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti so síìmù rẹ̀ mọ́ ọn! A wá ọmọ náà lọ, a ò bá a. Agboòrùn ti ṣí.

Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí àwọn òfin owó orí tuntun, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Òfin náà ní gbogbo ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ó ń ṣòwò gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà owó orí, àti pé báǹkì gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìjọba tí Ọ̀gbẹ́ni Taiwo Oyedele jẹ́ alága rẹ̀ nígbà náà sì ti ṣàlàyé pé ẹni tí ó ń ṣòwò lórúkọ ara rẹ̀, NIN rẹ̀ ni nọ́ńbà owó orí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, nọ́ńbà CAC ni tirẹ̀. Kò sí káàdì kankan tí ẹ ó lọ gbà. Ẹni tí ó ti ní TIN tẹ́lẹ̀ kò nílò láti tún un gbà. Òótọ́ ni pé FIRS ti di Nigeria Revenue Service, ṣùgbọ́n orúkọ ilé-iṣẹ́ ni ó yí padà, èyí kò pa nọ́ńbà ẹnikẹ́ni.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ rìníwù ti wá? Àwa rò pé Amẹ́ríkà ni, nítorí ọ̀pọ̀ wa ní ọmọ tàbí àbúrò níbẹ̀ tí ó ń fi fóònù àlòkù ránṣẹ́. Lọ́hùn-ún, nọ́ńbà Social Security ni wọ́n fi ń san owó orí. Ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, irú èyí tí ìwé iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì jáde, nọ́ńbà mìíràn ni IRS máa ń fún un, ITIN ni wọ́n ń pè é, láti ọdún 1996. Òǹkà mẹ́sàn-án ni, 9 ni ó sì fi ń bẹ̀rẹ̀. ITIN yìí máa ń kú ní tòótọ́. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ìparí ọdún 2015 ni ó sọ pé bí ọdún mẹ́ta bá tẹ̀lé ara wọn tí ẹni náà kò fi kọ ìwé owó orí, ó kú nìyẹn ní ọjọ́ tí ọdún kẹta bá parí. Láti jí i, yóò kọ fọ́ọ̀mù W-7, yóò fi pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ tì í. IRS kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣojú tí ó bá báni kọ ọ́ lè gba owó iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ bá wa sọ fún àwọn ọmọ yín tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti wọn kọ́ ni tiwa.

Ohun tí ó lè dí wa lọ́wọ́ níbí, orúkọ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa gba NIN pẹ̀lú orúkọ ilé bàbá wa, àkáǹtì báǹkì wà lórúkọ ọkọ, ọjọ́ ìbí tó wà nínú ìkínní kò sì bá ti èkejì mu. Báǹkì yóò tẹ NIN wò, yóò rí ẹlòmíràn, wàhálà dé. Nítorí náà, ẹ mú ìwé NIN yín àti ìwé báǹkì yín, ẹ gbé wọn ka ẹgbẹ́ ara wọn, kí ẹ kà á lẹ́tà lẹ́tà. Ẹ má fojú fo “Adékẹ́mi” àti “Kẹ́mi” o, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ẹnìkan náà ni. Ẹni tí kò bá rántí NIN rẹ̀, kí ó tẹ *346# lórí síìmù tí ó so mọ́ ọn.

Bí báǹkì ni ó ṣì í kọ, ẹ lọ tún un ṣe ní báǹkì. Bí NIN ni, ọ̀dọ̀ NIMC ni, wọ́n sì sábà máa ń béèrè ìwé ìgbéyàwó tàbí ìwé ìbúra kóòtù. Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ọjọ́ ìbí, nítorí láti oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni NIMC ti sọ owó rẹ̀ di ₦28,574. Bí ti báǹkì bá ṣeé yí sí ti NIN, ọ̀nà yẹn ni kí ẹ gbà.

Ẹni tí kò tíì ní NIN rárá ńkọ́? Kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Kí ó lọ gbà á. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa yà yín ní fọ́tò, tí wọ́n máa tẹ ìka yín, ọ̀fẹ́ ni.

Àwọn kan sọ fún wa pé àwọn ò ní gba nọ́ńbà, kí ìjọba má baà mọ̀ wọ́n. A gbọ́, ẹ̀rù ń ba àwa náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yẹ kó forúkọ sílẹ̀ tí kò ṣe é, ₦50,000 ni ìtanràn oṣù àkọ́kọ́, ₦25,000 sì ni oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ sì ni pé ẹ ní nọ́ńbà kò sọ pé ẹ jẹ owó. Nínú òfin tuntun yìí, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú èrè ọdún kan kò ní owó orí. Èrè la wí, kì í ṣe gbogbo owó tí ẹ pa. Ká ní ẹ ta ọjà mílíọ̀nù márùn-ún lọ́dún, tí owó ọjà, owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọkọ̀ àti epo jẹnẹrétọ̀ gbé mílíọ̀nù mẹ́rin àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún. Èrè yín jẹ́ ₦700,000, ẹ ò jẹ owó orí. Owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ pé kí màmá fi jẹun kì í ṣe èrè ọjà.

Ibi tí ó kù sí ni pé ẹ gbọ́dọ̀ lè fi hàn. Ìwé ìṣirò kékeré kan lábẹ́ káńtà tó, kí ẹ máa kọ ohun tí ẹ rà àti ohun tí ẹ ná sí i, kí ẹ sì máa tọ́jú risíìtì. Òun ni ẹ ó fi kọ ìròyìn ọdún yín sí LIRS, kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta tó kọjá, ìbáà jẹ́ pé kò sí owó tí ẹ jẹ.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá bára mu, kí ó mú ìwé NIN àti ìwé báǹkì rẹ̀ wá bá akọ̀wé ẹgbẹ́ lẹ́yìn ìpàdé. Ọmọ akọ̀wé gbọ́ kọ̀ǹpútà, yóò bá yín wò ó lójú ara yín. Kò ní gba nǹkan kan.