Èwo Ni Ká Pa Mọ́, Èwo Ni Ká Pa Rẹ́?

Láyé fíìmù, èyí tó wọ́pọ̀ jù kì í gbà ju àwòrán 36 lọ. Ayàwòrán a rò ó dáadáa kó tó tẹ kámẹ́rà, nítorí owó ni fíìmù, owó ni fífọ̀ rẹ̀. Lónìí, ìkómọjáde kan ṣoṣo lè fún wa ní ẹgbẹ̀rún àwòrán. Yíyà kò nira mọ́. Yíyàn ló kù. Dandan sì ni yíyàn, nítorí láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni àwòrán tuntun tí a bá kó sí Google Photos ti ń jẹ nínú gígábáìtì 15 tí wọ́n fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀nà tí mo ń gbà yàn án nìyí. N kì í pa ohunkóhun rẹ́ lójú kámẹ́rà, nítorí ojú rẹ̀ kéré. Mo máa ń kó gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Lákọ̀ọ́kọ́, mo máa ń yọ èyí tí ọwọ́ ṣèèṣì tẹ̀ àti èyí tó ṣókùnkùn pátápátá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá kó àwọn tó jọra síbì kan, màá sì mú ẹyọ kan tí ojú gbogbo ènìyàn ti là.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe dídán nìkan ni ìwọ̀n. J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968. Nínú púpọ̀ nínú wọn, ẹ̀yìn orí ló yà, ojú kò hàn. Irú èyí ni ọ̀pọ̀ wa ń pa rẹ́ lónìí, bẹ́ẹ̀ sì ni ìtàn ìdirí wa wà nínú àwọn àwòrán wọ̀nyẹn.

Ti àwọn àgbà ló ká mi lára jù. Àwòrán ìyá àgbà lè má mọ́lẹ̀ tó, ọwọ́ tó fi ń súre lè ti mì. Kí ẹ tó pa á rẹ́, ẹ bi ara yín pé: mélòó la ní? Ọ̀pọ̀ ìdílé kì í wá àwòrán àgbà àfi bí wọ́n bá fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú. Ìgbà náà ni wọ́n á máa gé ojú olóògbé jáde láti inú àwòrán ẹlòmíràn.

Èyí tí ẹ bá pa mọ́, ẹ kọ orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ yà á sí i. Ọmọ tí a kò tíì bí kò ní mọ ojú wọn.